Ẹ̀bá Ẹsẹ̀ Wa Ni Àrọ̀ Ti Ń Jẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Wọ́n ní kí n wá bá ẹ̀yin tí ẹ fi ìwọ̀ ṣe fàájì sọ̀rọ̀ lórí ẹja àrọ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń dúró láti gbọ́ ni irú ìdẹ tó dára jù. A ó dé ibẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ tí mo gọ̀ jù lọ ní bèbè omi.

Adágún kan ni. Láti ọ̀sán gangan ni mo ti dúró síbẹ̀, tí mò ń ju ìwọ̀ títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Gbogbo agbára mi ni mo fi ń jù ú sí àárín gbùngbùn omi, nítorí mo ti gbà lọ́kàn mi pé inú ibú ni ẹja ńlá ń gbé. Títí oòrùn fi wọ̀, ẹja kan ṣoṣo kò fẹnu kàn án. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo da ìfun adìẹ tó ṣẹ́ kù sínú omi lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ṣan ọwọ́. Koríko etí omi mì lẹ́ẹ̀kan. Nǹkan kan yí nínú ẹrẹ̀, níbi tí omi kò mù mí dé orúnkún, ó sì gbé ìfun náà mì lójú mi báyìí. Ìrù dúdú kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi na omi sí mi lójú, ó di àwátì.

Láti ọ̀sán ni mo ti ń ju ìwọ̀ kọjá lórí ẹja lọ síbi tí kò sí ẹja. Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn náà lọ: àwa tí a ń wá àrọ̀ máa ń fi ojú wá a, a sì máa ń wá a sí ọ̀ọ́kán. Ẹja yìí kì í fi ojú wá ohunkóhun, kì í sì í jìnnà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ní Clarias gariepinus. Arìnrìn-àjò ará Gẹ̀ẹ́sì kan, William John Burchell, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ ní ọ̀nà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ lọ́dún 1822, ẹja tó sì rí ní odò Gariep ní gúúsù Áfíríkà ló wò kọ ọ́. Gariep ni orúkọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ ń pe odò tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Orange. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹja yìí kì í ṣe ti odò kan. Ó wà káàkiri Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó wà nínú odò Náílì, ó wà nínú odò Ọya, ó gba Ísírẹ́lì àti Síríà kọjá dé gúúsù ilẹ̀ Tọ́kì. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 170, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó kìlógíráàmù 60. Ẹja tó ga ju iyàwó mi lọ nìyẹn. Ẹ má retí èyí tó tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tó kìlógíráàmù mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó láti jẹ́ kí ọwọ́ yín máa gbọ̀n.

Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá dé ọwọ́ yín, torí pé ọ̀pọ̀ apẹja ló ń pe gbogbo ẹja onírùngbọ̀n ní àrọ̀. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́ rárá. Orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó le bí àwo, ojú rẹ̀ sì kéré sí orí náà débi pé ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ẹni tó dá a gbàgbé ojú ni, tó wá fi àmì tóótóó méjì sí i nígbẹ̀yìn. Irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí, ó sì lọ gbọọrọ láìjá títí ó fi kù díẹ̀ kó kan ìrù. Bí ẹ bá rí èyí tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dá dúró lágbedeméjì, tí lẹbẹ kejì tó sanra, tó rọ̀ bí etí, sì wà lẹ́yìn rẹ̀, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni, ìyẹn Heterobranchus. Ọ̀bọ̀kún ní tirẹ̀, ìrù rẹ̀ là sí méjì bí ìrù alápàáńdẹ̀dẹ̀. Ti àrọ̀ rí roboto. Ní ti òjìjí, ẹja tó ń gbé iná mànàmáná, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan kò nílò kí n ṣàlàyé fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa èémí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ àrọ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ẹja tó kù ń mí nínú omi, ọ́síjìn tó bá wà nínú omi náà ni wọ́n ń lò. Bí omi bá dúró sójú kan, tí ewé ń jẹrà nínú rẹ̀, tí oòrùn sì ń yan án, ọ́síjìn inú rẹ̀ á dín kù, ẹja á sá lọ tàbí kó kú. Àrọ̀ kì í sá. Lókè ibi tó fi ń mí bíi ti ẹja yòókù, ó ní yàrá kékeré kan lọ́tùn-ún àti òmíràn lósì, ẹran pupa kan sì wà nínú rẹ̀ tó yọ ẹ̀ka bí igi kékeré. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú àwọn ẹ̀ka náà. Àrọ̀ á gòkè wá sójú omi, á gbé afẹ́fẹ́ ayé gbà lẹ́ẹ̀kan, á tì í sínú yàrá yẹn, á sì tún rì padà. Bí èémí ti ń lọ nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹ fi lè fi àrọ̀ sínú àpò tútù láti àárọ̀ kí ẹ sì bá a láàyè ní ìrọ̀lẹ́. Orúkọ Clarias pàápàá, èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ jọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ le, tí ara rẹ̀ yá gágá.

Kí wá ni èyí ṣe fún onìwọ̀? Nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ibi tí ẹ rò pé omi ti bàjẹ́ jù fún ẹja, àwọn àbàtà, àwọn kòtò tí odò fi sílẹ̀ sẹ́yìn nígbà tó fà, ẹnu ibi tí gọ́tà ìdọ̀tí ti ń ya wọ odò, ibẹ̀ ni àrọ̀ ti ń jẹ̀ láìsí ẹni tó ń bá a dù ú. Ìkejì, àrọ̀ kò lè fi ara rẹ̀ pamọ́ tán. Dandan ni kó wá mí. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ ní bèbè omi tó pa rọ́rọ́, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ sì fún ara yín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko kí ẹ tó tú ìwọ̀ rárá. Ẹ ó rí i. Omi á ru lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka rọ́ àmàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì fi òrùka kékeré sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ìhó mélòó kan á tú wá sókè tẹ̀ lé ara wọn: afẹ́fẹ́ tó ti lò tán ló ń tú u jáde nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ìhó náà bá tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí ìtò náà dorí kọ. Ẹja náà ń rìn lọ síbẹ̀ ni. Bí ó bá ń yọ sójú kan lemọ́lemọ́, tí ẹrẹ̀ sì ń gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ẹja náà ń fi imú túlẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ sọ ìdẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lórí.

Mo ti fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ọ̀pá ìwọ̀ mẹ́ta mẹ́ta wá. Kí n tó tú okùn, wọ́n ti jù ú ní ogún ìgbà. Kì í ṣe pé mò ń yangàn o. Ẹja méjì ni mo mú lọ́jọ́ náà, wọn kò mú ìkankan, èmi náà sì ti ṣe bíi tiwọn fún ọdún púpọ̀.

Ó hàn gbangba pé etí omi ló wù ú jù. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àrọ̀ ní tirẹ̀, abẹ́ àwọn méjèèjì ló ń gbé. Ibi tí koríko ti wọnú omi, tí òjìji ti bo ilẹ̀, tí gbòǹgbò igi ti ṣe ihò sábẹ́ bèbè, ibẹ̀ ló ń sùn sí lọ́sàn-án, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Nínú odò tó ń ṣàn, ẹ má wá a sí ojú ìṣàn tó le. Kò ní ara fún iré yẹn. Ẹ wá ibi tí omi ti yí padà lẹ́yìn àpáta tàbí igi tó wó lulẹ̀, tí ó ti ń kó ewé jọ. Ẹrẹ̀ ni kó jẹ́ nísàlẹ̀, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́. Kì í ṣe pé àrọ̀ kì í dé inú ibú; a máa dé ibẹ̀, pàápàá tí omi bá tutù. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò pọ̀ lágbedeméjì ibú. Ekòló, kòkòrò, àkèré, ìṣáwùrú, èso tó já bọ́ láti orí igi, ọmọ ẹja tó ń sá pamọ́, gbogbo wọn pátá, etí omi ni wọ́n wà.

Mo sọ pé kì í fi ojú wá nǹkan. Ẹ wo irùngbọ̀n mẹ́jọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ahọ́n ni gbogbo wọn. Ohun tó ń jẹ́ kí ahọ́n tiwa mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà, ó wà lára irùngbọ̀n àrọ̀ kitikiti, nítorí náà ẹja yìí ń tọ́ nǹkan wò kí ẹnu rẹ̀ tó kàn án. Ó ń gbóòórùn dáadáa. Àwọn ojúlé kéékèèké kan tún wà lára awọ rẹ̀ tó fi ń mọ̀ bí iná mànàmáná tíntìntín tó ń ti ara ẹ̀dá alààyè jáde bá wà nítòsí, ìyẹn ni pé kòkòrò tó bo ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá rò ó: èwo ni ká máa ra ìdẹ oníke aláwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé, kí a máa fi dán an lójú nínú omi tó dà bí ẹ̀kọ?

Etí rẹ̀ ńkọ́? Àpò afẹ́fẹ́ wà nínú ara rẹ̀, àwọn egungun wẹ́wẹ́ kan sì so àpò náà mọ́ etí rẹ̀. Bí ìlù ni àpò náà ṣe ń gba ohùn sínú, tí egungun sì ń gbé e dé etí. Ẹni tó bá ń fi gìgísẹ̀ lu bèbè, tó ń ju àpótí sílẹ̀ gbì, ti ń kéde ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn inú afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú omi. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Èmi máa ń bọ́ bàtà.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, pé àrọ̀ ń dọdẹ lẹ́gbẹ́. Ní Okavango, lórílẹ̀-èdè Botswana, bí omi bá ti ń fà lẹ́yìn ẹ̀kún omi, àwọn ẹja kéékèèké tó sá sínú eèsún etí odò kò ní ibi ìsádi mọ́, wọ́n á bọ́ sójú odò. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún àrọ̀ á kóra jọ, wọ́n á máa gòkè odò lọ lẹ́bàá eèsún yẹn, wọ́n á máa fi ìrù lu ìdí rẹ̀ láti lé ẹja jáde. Wọ́n ní a máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kí a tó rí omi tó ń hó. Àárín oṣù Kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni àwọn apẹja máa ń lọ síbẹ̀ nítorí rẹ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ ti lè rí irú èyí, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni níbikíbi: nígbà tí omi bá ń fà kúrò lórí koríko, ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde. Oúnjẹ ń bọ̀ gba ibẹ̀, àrọ̀ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, ìdẹ. Mo rí i pé ẹ ti ń dìde jókòó dáadáa.

Àrọ̀ kò ní èèwọ̀. Ohun tí wọ́n ti bá nínú ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó léfòó nínú omi, tó jẹ́ pé sísẹ́ ló ń sẹ́ wọn, dé orí ọmọ ẹyẹ, eku àti òkú ẹran. Ó ń jẹ irú ara rẹ̀. Àwọn ọmọ àrọ̀ tó ga ju ẹgbẹ́ wọn lọ díẹ̀ ló ń gbé ẹgbẹ́ wọn mì. Nítorí náà, ìbéèrè kì í ṣe ohun tó ń jẹ, ohun tí òórùn rẹ̀ á rìn jìnnà nínú omi ni. Ekòló dára, pàápàá bí ẹ bá fi púpọ̀ ṣùjọ sórí ìwọ̀ kan. Ẹ̀dọ̀ adìẹ dára ju ekòló lọ, àmọ́ ó rọ̀, ó máa ń já bọ́ nígbà tí ẹ bá jù ú; ẹ fi òwú rírán wé e yíká lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí méje, kò ní lọ mọ́. Ẹja kékeré tí ẹ bá gé sí wẹ́wẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ àti òróró rẹ̀ ń jáde, ni èmi fẹ́ràn jù. Orí ẹja náà ni kí ẹ lò, nítorí àwọn ẹja tíntìntín kò lè tètè jẹ ẹ́ tán.

Ọṣẹ ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Ọṣẹ ìfọṣọ tí ẹ gé bí ṣúgà oníhóró ni àwọn tó ń ta okùn oníwọ̀ púpọ̀ sínú omi ń lò fún àrọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà, ó sì ń mú. Ọ̀rá ló wà nínú ọṣẹ, òórùn ọ̀rá sì ni àrọ̀ ń tọ̀ wá. Ó tún dára torí pé ẹja kéékèèké kì í tú u jẹ. Èmi kì í lò ó. Ojú ń tì mí láti fi ọṣẹ tan ẹja, n kò lè ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọjá ibẹ̀ lọ sí àkókò. Ìrọ̀lẹ́ ni, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́, àti ìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ kò tíì mọ́ tán. Òjò àkọ́rọ̀ ni àkókò tó tún dára jù láàárín ọdún. Bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ dáadáa, tí omi tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í kún bo koríko tó gbẹ lórí bèbè, àrọ̀ á fi ibú sílẹ̀, á wọ inú koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì náà lọ yé ẹyin lóru. Omi náà gbọ́dọ̀ gbóná ju 18°C lọ kó tó ṣe é. Kì í kọ́ ìtẹ́, kì í ṣọ́ ọmọ bíi ti epìyà. Ẹyin á lẹ̀ mọ́ koríko, bàbá àti ìyá á padà sí ibú, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ọmọ á sì pa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Lóru tí wọ́n ń yé, ẹ lè fi ọwọ́ lásán kó wọn nínú omi tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀, mo sì ti rí àwọn tó fi igi àti àdá ṣe é. Mo kà á sí ìwà ọ̀bàyéjẹ́. Ẹ dúró kí wọ́n yé tán. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ebi á ti pa wọ́n, wọ́n á máa jẹ bí ẹni tó gba ààwẹ̀.

Bí omi bá tutù gan-an, wọn kì í jẹun bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ wá wọn lọ sí ibi tó jìn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí kòtò ń gbẹ, àrọ̀ á wọ inú ẹrẹ̀ tó ṣì tutù, á dúró de òjò. Nígbà mìíràn, lóru tí ìrì tàbí òjò bá mú kí ilẹ̀ tutù, á dìde jáde kúrò nínú kòtò kan lọ sí òmíràn. Lẹbẹ àyà rẹ̀ méjèèjì ní ẹ̀gún líle níwájú. Ẹ̀gún yẹn ló ń fi tẹ ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, tó ń fi ara lọ́ bí ejò. Àrọ̀ ń rìn, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kì í ṣe òpùrọ́.

Ohun èlò kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Okùn tó lè gbé kìlógíráàmù 15, òjé tí okùn ń gba àárín rẹ̀ kọjá kó má baà wúwo lẹ́nu ẹja, àti ìwọ̀ tó lágbára. Mo fẹ́ràn ìwọ̀ tí orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí òrùka, nítorí igun ẹnu ló máa ń kọ́, kì í wọ ikùn, ẹ sì lè dá ẹja kékeré padà láìpa á.

Ìgbà tó bá ń jẹ ìdẹ gan-an ni púpọ̀ nínú wa ti ń sọ ọ́ nù. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá yín sórí okùn, kí ẹ di ojú yín bí ẹ bá fẹ́. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ni bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú èékánná: tọ́, tọ́. Irùngbọ̀n nìyẹn, ó ń tọ́ ọ wò. Ẹ má fa nǹkan kan. Ó lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Okùn á wá rọ̀ lójijì, bí ẹni pé òjé já; ó ti gbé e, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ni. Tàbí kí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kì í ṣe pẹ̀lú ìjàngbọ̀n, jẹ́jẹ́ ni, bí ewúrẹ́ tó ń fa okùn rẹ̀ lọ síbi koríko. Nígbà tí ó bá ń lọ tí kò dúró mọ́, ẹ kàn ká okùn títí á fi le, kí ẹ gbé ọ̀pá sókè láìjá a gbì. Ìwọ̀ olórùka yẹn á ṣe ìyókù fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti kọ́, ẹ ti ara yín sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ sì fà á kúrò nídìí koríko kíá, nítorí ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni pé kó padà sínú gbòǹgbò tó ti wá.

Bí ó bá dé ilẹ̀, ẹ má bínú, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Mo fi ìbínú àti ìdùnnú gbá a mú lẹ́ẹ̀kan, ó yọ̀, ó na lẹbẹ àyà, ẹ̀gún tó ní eyín bí ayùn yẹn sì gba inú ẹran àtàǹpàkò mi wọlé. Fún ọjọ́ mẹ́rin n kò lè fi ọwọ́ ọ̀tún di bọ́tìnì. Aṣọ tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ dà bò ó. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àyà rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ẹ̀gún apá kan, kí ìka tó kù wà lẹ́yìn ẹ̀gún apá kejì. Ẹ̀gún náà kò lè padà sẹ́yìn dé ọwọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í pamọ́ sínú àpò àwọ̀n títí ẹ ó fi lọ sílé, ẹ jẹ́ kí ẹnu àpò náà yọ sójú omi. Nínú omi tí kò ní ọ́síjìn, àrọ̀ tí kò rí afẹ́fẹ́ mí lè rì sómi kú. Ẹja o, tó rì sómi.

Ọ̀rọ̀ kan kù, kò sì dùn. Ẹ má gbé àrọ̀ láàyè láti omi kan lọ dà sí òmíràn. Ẹ̀dá tó lè jẹ ohun gbogbo, tó lè mí níbi gbogbo, tó tún lè rìn, kò ṣeé kó padà. Wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà àti Bùràsíl láti sìn, ó bọ́ sínú odò, ó sì di ìṣòro fún ẹja onílé. Ìjọba Íńdíà ti fòfin de sísìn rẹ̀. Ní South Africa, wọ́n la ihò abẹ́ ilẹ̀ tó gùn ju kìlómítà 80 lọ láti gbé omi odò Orange wọ odò Great Fish, wọ́n ṣí i lọ́dún 1975. Àgbẹ̀ ni wọ́n là á fún. Àrọ̀ tẹ̀ lé omi gba inú ihò náà kọjá, ó sì di onílé níbi tí kò sí rí.

Mo rí ọwọ́ méjì lókè. Ìyá tó wà níwájú ń béèrè bóyá a lè pẹ àrọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ lè ṣe é, mà. Lẹ́yìn òjò, tí omi bá ti pọ́n, tí ojú ọ̀run sì ṣú, inú omi náà ti di alẹ́ fún un nìyẹn. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹ tọ̀ ọ́ lọ sínú òjìji tó ń sùn sí, ẹ rọra sọ ìdẹ sí ẹnu ihò rẹ̀. Ó lè má jẹ́ ebi ló máa jẹ́ kó gbé e, ó lè jẹ́ pé ìdẹ náà ti wọ yàrá rẹ̀ jù.

Bàbá tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n tún ìbéèrè wọn sọ kí gbogbo wa gbọ́. Wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀pá ìwọ̀ tó gùn tó mítà mẹ́rin, tí wọ́n sọ fún wọn pé á ju ìdẹ kọjá adágún, èmi sì wá ń sọ pé ẹ̀bá ẹsẹ̀ ni ẹja wà. Kí ni kí àwọn fi ọ̀pá náà ṣe? Bàbá, ẹ kò ṣòfò. Ẹ dúró ní ìwọ̀n mítà mẹ́ta sẹ́yìn bèbè, kí ẹsẹ̀ yín má baà pariwo, kí ẹ na ọ̀pá gígùn yẹn kọjá lórí koríko, kí ẹ sì rọra sọ ìdẹ sínú omi ní ìwọ̀n mítà kan péré sí etí rẹ̀.